Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fífẹ̀ àti laminator fún àwòrán inú ilé: èwo ni kí n mú?

Onípátákó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fífẹ̀ kan pẹ̀lú laminator (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá bo iṣẹ́ tí a tẹ̀) tí á bá a rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Inú ilé ni wọ́n máa lo gbogbo iṣẹ́ náà. Kò sí èyí tí òjò máa pa. Roll-up (àwòrán gígùn tó ń ká wọ inú àpótí ìdúró rẹ̀) 850 × 2000 mm ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, pósítà A1 àti A0, tí a máa lẹ díẹ̀ nínú wọn mọ́ foam board (pátákó onífóòmù) 5 mm. Sítíkà ara ògiri àti ti gíláàsì náà wà níbẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sítíkà ilẹ̀ tí èèyàn máa ń tẹ̀ kọjá. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, 30 sí 40 m² lọ́sẹ̀.

Yàrá tí mo ní jẹ́ mítà 4 × 5. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé kan péré ló ní. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún mi ní kí n mú eco-solvent (oníyíǹkì solvent, ìyẹn kẹ́míkà tó ń tú sínú afẹ́fẹ́) 64-inch, pé bó bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe dáa tó. Ẹlòmíràn ní aqueous (oníyíǹkì olómi) 44-inch ló wà fún iṣẹ́ inú ilé. Ní ti laminator, wọ́n ní kí n ra èyí tó ń gbóná, pé ó lè ṣe iṣẹ́ tútù àti gbígbóná pọ̀. Báwo lẹ ṣe rí i? Kí ni mo sì gbọ́dọ̀ béèrè kí n tó sanwó?

Yíǹkì Gbígbẹ

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ínǹṣì sílẹ̀ ná. Yíǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, torí òun ló máa sọ ohun tí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lé lórí, ìgbà tí ẹ lè fi ọ̀rá bò ó, àti irú laminator tí kò ní bà á jẹ́. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ méjèèjì láìro bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn lò, ìdí laminator ni iṣẹ́ ti máa há mọ́ ọn lọ́wọ́.

Eco-solvent máa ń jẹ ojú sítíkà wọlé díẹ̀, ìyẹn ló fi ń di PVC (ike tí wọ́n fi ń ṣe sítíkà) tí wọn kò kun nǹkan kan sí mú dáadáa. Àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (apá tó ń tú yíǹkì jáde) ń pẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbígbẹ tó gbẹ lójú kì í ṣe gbígbẹ nínú. Solvent tó wọ inú sítíkà ṣì ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí ẹ bá fi ọ̀rá bò ó kó tó tú tán, kò rí ọ̀nà òkè gbà mọ́, á wá gba ìsàlẹ̀ lọ bá gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, etí sítíkà á máa ká, ọ̀rá á lé ròrò, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí i kúrò lára ògiri, gọ́ọ̀mù á ṣẹ́kù síbẹ̀. Wákàtí 24 ló kéré jù. Níbi tí dúdú tàbí pupa bá ti ki gan-an, ẹ jẹ́ kó tó 48. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orí róòlù tó ká pinpin ló ti máa lo wákàtí náà, torí afẹ́fẹ́ kò lè dé àárín rẹ̀. Ẹ fi kọ́, tàbí kí ẹ tú róòlù náà kó há sílẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá gbé e dúró lóròó.

Yàrá onífèrèsé kan, àti roll-up tí wọ́n máa ń fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì? Èmi kò ní mú eco-solvent síbẹ̀. Òórùn rẹ̀ fẹ́ fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde síta. Ẹ̀rọ amúlétutù kàn ń yí afẹ́fẹ́ kan náà po nínú yàrá ni.

Latex ni màá mú. Omi ló pọ̀ jù nínú yíǹkì rẹ̀, ooru inú ẹ̀rọ ló ń lé omi náà lọ tó sì ń yọ́ ike inú rẹ̀ mọ́ ojú sítíkà. Bó ṣe ń jáde ló ti gbẹ, ẹ lè gbé e lọ sídìí laminator lójú ẹsẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ sítíkà, PET (irú ike mìíràn), bébà ògiri àti aṣọ. Bí oníbàárà yín bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé, wọ́n lè béèrè ìwé ẹ̀rí GREENGUARD Gold, pé ohun tó ń tú sínú afẹ́fẹ́ yàrá kò pọ̀. Yíǹkì latex púpọ̀ ló ní i, ṣùgbọ́n ti yíǹkì gan-an tí ẹ fẹ́ rà ni kí ẹ béèrè.

Ibi tó ti ń dunni ni iná. Ooru yẹn ń jẹ kìlówáàtì púpọ̀ ju ti eco-solvent lọ, àwọn ẹ̀rọ kan sì ń fẹ́ wáyà iná méjì tó dá dúró. Ẹ gba ìwé ẹ̀rọ náà, ẹ fún oníná kó kà á kí ẹ tó ra ohunkóhun. Èkejì, ohun tó tinrín tí ẹ bá ń tẹ̀ lé lórí máa ń wú lábẹ́ ooru, bó bá sì wú, hẹ́ẹ̀dì á máa gbá a. Fún irú èyí, ẹ dín ooru kù, kí ẹ fi kún iye ìgbà tí hẹ́ẹ̀dì ń kọjá lórí ibi kan náà kó lè ráyè gbẹ.

UV, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ń mú yíǹkì rẹ̀ gbẹ, dára, àmọ́ yíǹkì náà ń dúró bí òkè lórí sítíkà. Èyí máa ń fún laminator níṣẹ́, bí wọ́n bá sì ká a púpọ̀, ó lè sán. Kò tíì kàn yín.

Pósítà Nìkan

Ẹ má tètè lé aqueous dànù o. Fún pósítà tí èèyàn máa dúró síwájú rẹ̀ kà, pàápàá èyí tó ní àwọ̀ ara èèyàn, kò sí èyí tó mọ́ lójú tó o nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pigment (yíǹkì tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú) ni kí ẹ mú, ẹ má mú dye (èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yọ́ sínú omi), torí dye tètè máa ń ṣí níwájú fèrèsé. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò gba àyè, iná díẹ̀ ló ń jẹ, bébà tó tẹ̀ sì lè gba laminator gbígbóná, tí ọ̀rá rẹ̀ kì í wọ́n tó ti tútù.

Yíǹkì Gbígbẹ

Òótọ́ lẹ sọ nípa pósítà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: roll-up ló pọ̀ jù, sítíkà ògiri àti ti ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Aqueous kò lè dúró lórí ohun tí wọn kò kun èròjà tó ń fa yíǹkì mu sí. Lórí sítíkà lásán, ńṣe ni yíǹkì á máa sá jọ bí ìrì lórí ewé kókò. Gbogbo róòlù tí ó bá rà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kùn, owó tó rò pé òun fi pamọ́ nídìí ẹ̀rọ á sì gba orí róòlù jáde. Bó bá jẹ́ pósítà nìkan ló ń ṣe, màá gbà pẹ̀lú yín.

Tépù Ìwọ̀n

Ẹ jẹ́ ká wá fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ní bó bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe dáa tó kò tíì ṣírò roll-up.

Roll-up méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 1700 mm. Róòlù 64-inch jẹ́ 1625 mm. Kò gbà á. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ máa tẹ̀ lórí rẹ̀, 775 mm á sì ṣòfò. Róòlù 54-inch jẹ́ 1372 mm: 522 mm ló ń ṣòfò. Róòlù 36-inch jẹ́ 914 mm: 64 mm péré. Róòlù 914 ni kí ẹ máa rà fún roll-up, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, torí ẹ̀rọ tó fẹ̀ lè gba róòlù tóóró, ṣùgbọ́n tóóró kò lè gba fífẹ̀.

A0 jẹ́ 841 × 1189 mm. Lórí 914, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ 841 wà ní ìbú, ohun tí ẹ máa jẹ nínú róòlù jẹ́ bíi 1.09 m². Lórí 1372, ẹ yí i kí 1189 wà ní ìbú: 1.15 m². Lórí 1118 mm, tí í ṣe 44-inch, kò ṣeé yí, torí 1189 ju 1118 lọ, ẹ máa jẹ 1.33 m². Ẹ rí i pé róòlù 44-inch kò bá iṣẹ́ yín mu rárá: ó fẹ̀ ju ohun tí roll-up ń fẹ́, kò sì fẹ̀ tó láti yí A0. A1 ńkọ́? Méjì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí 1372, torí 594 lọ́nà méjì jẹ́ 1188.

Nítorí náà, 54-inch, pẹ̀lú róòlù 914 fún roll-up àti A0, 1372 fún A1, sítíkà ògiri àti ti ilẹ̀. 64-inch á tún gba àyè nínú yàrá mítà 4 × 5 láìsí èrè. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ 54-inch fúnra rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mítà 2 àbọ̀, ẹ sì nílò àyè lẹ́yìn rẹ̀ láti ki róòlù bọ̀ ọ́. Laminator tún ń fẹ́ àyè níwájú àti lẹ́yìn tó gùn tó iṣẹ́ yín tó gùn jù, ìyẹn mítà 2 lọ́nà méjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Nípa roll-up kan náà: 2000 mm ni ohun tí ojú ń rí. Ìsàlẹ̀ ń fẹ́ 100 sí 150 mm sí i tó máa wọ inú àpótí, òkè náà ń fẹ́ díẹ̀ fún irin tó ń há a mú. Ẹ wọ̀n ìdúró tí ẹ bá rà, torí wọn kò dọ́gba. PET tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ eérú ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe bánà PVC. Etí PVC máa ń ká wọlé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn eérú sì ni kì í jẹ́ kí òjìji ọ̀pá ẹ̀yìn hàn níwájú.

Yíǹkì: ẹ fi 10 ml fún m² kan ṣírò, gbogbo àwọ̀ pọ̀. 40 m² jẹ́ 400 ml lọ́sẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta yíǹkì ní kátíríìjì 775 ml, iye tó wà nínú ọ̀kan á tó 77 m². Ẹ fi 77 yẹn pín iye owó rẹ̀, ẹ máa rí ohun tí m² kan ń ná yín. Àwòrán tó ṣókùnkùn kárí á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn yíǹkì, ẹ béèrè iye tí hẹ́ẹ̀dì jẹ́ àti ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì oníooru, irú èyí tó wà nínú latex HP, ẹ lè fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀ bí kátíríìjì. Hẹ́ẹ̀dì piezo, tí kì í lo ooru láti tú yíǹkì, ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì máa wá fi í sí i. Ẹni tó ń tà kì í sábà mẹ́nu kan èyí.

Iye m² lọ́wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó, iṣẹ́ yàrà-yàrà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n sọ ti mode (ọ̀nà títẹ̀) tí ẹ máa fi ta ọjà. Fáìlì yín kò nílò ju 150 dpi (iye àmì nínú ínǹṣì kan) lọ ní ìwọ̀n gangan fún roll-up. Pósítà tí wọ́n máa súnmọ́ kà ni kí ẹ gbé lọ sí 200 tàbí 300.

Rólà

Ó kan laminator, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, torí ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ ti jẹ yíǹkì, róòlù àti ọ̀rá tán.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Tútù pátápátá: rólà méjì ń fún nǹkan pọ̀, gọ́ọ̀mù ara ọ̀rá ló ń lẹ̀. Èyí tí rólà òkè rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, 40 sí 50°C: ọ̀rá kan náà ló ń lò, ooru náà kàn ń mú gọ́ọ̀mù rọ̀ kó lè kún àwọn kòtò kéékèèké tó wà lójú yíǹkì. Èyí tó gbóná janjan, 90 sí 120°C: ọ̀rá tirẹ̀ yàtọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ le gbagidi títí ooru á fi yọ́ ọ. Bébà ló wà fún. Sítíkà PVC tó bá kọjá níbẹ̀ á hunjọ, bébà ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa ṣí. Pé ẹ̀rọ gbígbóná lè ṣe méjèèjì kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀, kò sí èyí tó nílò 100°C bí ẹ bá mú latex. Èyí tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bá yín mu.

Ohun tí màá fọwọ́ kàn nídìí ẹ̀rọ náà: ìbú rólà kò gbọdọ̀ dín ní 1400 mm, 1600 ló sì dára, torí ọwọ́ ń fẹ́ àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rólà kó ṣí tó 25 mm kí foam board 5 àti 10 mm lè kọjá. Kí rólà ki, 120 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀. Rólà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn máa ń tẹ̀ láàárín, ìfúnpá á dín kù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì kù sí àárín iṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ọ̀pá tó ń gbé ọ̀rá ní bíréèkì tó ṣeé dín kù, kí ẹ̀rọ sì máa ká bébà ẹ̀yìn ọ̀rá fúnra rẹ̀. Kí pẹ́dàlì ẹsẹ̀ wà, torí ọwọ́ méjèèjì ni ẹ máa fi di iṣẹ́ mú.

Ọ̀rá: 75 sí 80 micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm ni micron kan) ló tó fún pósítà àti sítíkà ògiri. Sítíkà calendered (èyí tí wọ́n fi rólà tẹ̀ tinrín), ọ̀rá calendered. Cast (èyí tí wọ́n dà bí omi kó tó gbẹ), ọ̀rá cast. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, torí ọ̀kan ń súnkì ju èkejì lọ. Bákan náà, ọ̀rá PVC lórí PET roll-up máa ń mú kó ká. Bí PET yín bá jẹ́ irú èyí tí ojú rẹ̀ kì í tètè ha, tí ẹ sì fi latex tẹ̀ ẹ́, kò pọn dandan kí ẹ bò ó rárá. Fún ilẹ̀, ọ̀rá tí kì í yọ̀ nìkan, tó ní ìwé ẹ̀rí, irú R9 tàbí R10, ìwọ̀n Jámánì fún bí ilẹ̀ kì í ṣe yọ̀ tó. Ọ̀rá dídán lórí ilẹ̀, ìṣubú ló ń fà. Kí ẹ sì gé igun rẹ̀ róbótó, torí ẹsẹ̀ máa ń ká igun ṣóńṣó sókè.

Onípátákó

Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n tẹ àpẹẹrẹ kan fún mi lórí latex 54-inch, wọ́n sì fi ọ̀rá dídán bò ó níbẹ̀. Ibi tó dúdú ń tàn bíi fàdákà, àmì kékeré kan sì ń fara hàn léraléra lápá òsì, ó fẹ́ẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní ìwọ̀n kan náà. Etí rẹ̀ tún ń ká díẹ̀ sókè. Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ní àbùkù ni?

Rólà

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láti ìdí laminator.

Fàdákà yẹn, afẹ́fẹ́ wínníwínní ni, tó há sáàárín gọ́ọ̀mù àti ojú yíǹkì. Dúdú ló ń fi í hàn jù. Ẹ dín ìyára kù sí mítà 1 tàbí 1 àbọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan, ẹ gbé rólà òkè sí 45°C, kí ẹ sì fi ìfúnpá díẹ̀ kún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù lè parẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí gọ́ọ̀mù ṣe ń ṣàn wọlé, ẹ má tètè sọ ọ́ nù. Ọ̀rá tí kò dán máa ń bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú dúdú ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bò ó ni kí ẹ fọwọ́ sí àwọ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Àmì tó ń padà: ẹ wọ̀n àlàfo rẹ̀. Rólà 120 mm ń yí po ní bíi 377 mm. Bí àlàfo àmì náà bá jẹ́ 377, ara rólà ló wà: ìdọ̀tí, tàbí ojú abẹ. Ìdọ̀tí á kúrò pẹ̀lú isopropyl (spirit ìfọ-nǹkan) àti aṣọ tí kì í tú. Ojú abẹ kò ní kúrò láéláé, nítorí ẹnì kan ti gé ọ̀rá lórí rólà náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àlòkù yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ṣírò owó rólà tuntun mọ́ ọn. Àmì tó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ ní ìbú, ní 377 kan náà, wọ́n fi rólà sílẹ̀ ní títẹ̀ mọ́ra lóru ni, ó ti pẹlẹbẹ lójú kan. Èyí tí kò bá ní àlàfo kan pàtó, eruku ni.

Etí tó ń ká sókè: bíréèkì ọ̀rá le jù. Ọ̀rá nà kó tó lẹ̀, ó wá ń súnkì padà, ó ń fa sítíkà lọ́wọ́. Ẹ dín bíréèkì náà kù títí ọ̀rá á fi wà láìfà, láìsọ̀.

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gé bébà mẹ́ta, kí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 mm. Ẹ ki ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí òsì, ẹ ti rólà, kí ẹ fọwọ́ fà wọ́n. Bí ti ọ̀tún bá rọrùn láti fà jáde ju ti òsì lọ, ìfúnpá kò dọ́gba, ọ̀rá á sì máa hunjọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ti ju mítà kan lọ.

Tépù Ìwọ̀n

Mo fi kún un: fáìlì tiyín ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe tiwọn. Kí apá kan rẹ̀ jẹ́ eérú kárí, apá kan dúdú kárí, kí lẹ́tà kékeré wà níbẹ̀, àti ojú èèyàn kan. Eérú ló ń tú àṣírí ìlà tó ń kọjá ní ìbú. Bó bá jáde, ẹ ní kí wọ́n tún bí ẹ̀rọ ṣe ń fa róòlù ṣe, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lójú yín. Ẹ béèrè bóyá ICC profile (fáìlì tó ń mú àwọ̀ péye) fún PET àti sítíkà tí ẹ máa lò wà nínú RIP wọn, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń gbé àwòrán fún ẹ̀rọ. Bí kò bá sí, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é.

Onípátákó

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku foam board. Wọ́n ní ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Rólà

Ó máa ń tẹ̀ bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ẹ lẹ nǹkan mọ́. Ojú tó ní sítíkà ń súnkì, èkejì kò súnkì. Ẹ lẹ sítíkà funfun lásán, irú kan náà, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, méjèèjì á máa fa ara wọn. Iṣẹ́ tó bá máa pẹ́ lára ògiri, ẹ fi PVC board 3 mm rọ́pò foam board.

Fún lílẹ̀ ẹ́: ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá bo sítíkà náà, kí ẹ gé e kó fi 10 mm ju board lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ ká bébà ẹ̀yìn rẹ̀ padà ní 30 mm, ẹ lẹ etí yẹn mọ́ board, ẹ rí i pé ó gún. Ẹ ṣí rólà dé ìwọ̀n tí board fi máa wọlé, kí ẹ wá tì í kó kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìfúnpá tó pọ̀ á fọ́ fóòmù inú rẹ̀, etí rẹ̀ á sì tinrín ju àárín. Ẹ da sítíkà tó kù sẹ́yìn lórí rólà òkè, ẹ tẹ pẹ́dàlì, ẹ máa fi ọwọ́ kan fa bébà ẹ̀yìn náà kúrò bí board ṣe ń wọlé. Ẹ má dúró lágbedeméjì, torí ibi tí ẹ bá dúró sí ni ìlà á ti hàn. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé etí rẹ̀, lórí tábìlì.